Ọmọ Igi Méjì

Igi mépù tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní sycamore pọ̀ káàkiri London. Méjì méjì ni hóró rẹ̀ ń so pọ̀, ìkọ̀ọ̀kan pẹ̀lú apá fẹ́lẹ́ kan. Etí kan apá náà nípọn, ibẹ̀ ni iṣan rẹ̀ kó jọ sí. Etí kejì tín-ín-rín. Nígbà ìwọ́wé, hóró á já, ìwúwo tó wà lórí rẹ̀ á sì mú un máa yí bírí bírí. Yíyí yìí ni kì í jẹ́ kó tètè balẹ̀, tí atẹ́gùn fi ń gbé e kúrò lábẹ́ ìyá rẹ̀. Tó bá yá, á hù sínú ọ̀nà omi òrùlé àti sáàárín bíríkì, láìsí ẹni tó gbìn ín.

Igi sáíkàdì tí wọ́n ń pè ní Encephalartos woodii kò rí ọ̀nà yìí gbà. Ní 1895 ni John Medley Wood, alábòójútó ọgbà ewéko Durban, rí i létí igbó oNgoye, ní ilẹ̀ Zulu. Ìdí kan ṣoṣo ni, akọ sì ni. Títí dòní, kò sẹ́ni tó tíì rí abo rẹ̀.

Láìsí abo, kò lè sí hóró. Nítorí náà, ọmọ ìdí rẹ̀ ni wọ́n ń yọ, bí a ti ń yọ ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Olùtọ́jú á rọra fọwọ́ wa iyẹ̀pẹ̀ títí ojú ibi tí ọmọ ti so mọ́ ìyá á fi hàn. Á fi sípíríìtì nu ayùn, á sì rẹ́ ẹ níbi tó ti tóóró jù, kí egbò má fẹ̀. Á gé ewé ọmọ, kí omi ara rẹ̀ má baà tán kó tó ta gbòǹgbò. Á bu oògùn sójú egbò méjèèjì, á sì gbé ọmọ sí ibòji títí egbò á fi gbẹ. Ìgbà náà ni yóò tó wọ iyanrìn tí kì í dá omi dúró. Ó lè tó ọ̀pọ̀ oṣù kó tó ta gbòǹgbò. Ewé tuntun kì í ṣe ẹ̀rí, torí oúnjẹ tó wà nínú ìtì lè rú ewé ṣáájú gbòǹgbò. Bí wọ́n bá fọwọ́ kàn án, tí kò mì, ó ti mú.

Ọ̀kan dé ọgbà ewéko Kew ní London ní 1899, ó sì wà níbẹ̀ dòní. Ọmọ mépù kì í jọ ìyá rẹ̀ tán, torí akọ àti abo ló pàdé. Ti Kew àti ti Durban kò yàtọ̀ síra: igi kan náà tí Wood rí ni, ayùn ló pín in.