Ẹsẹ̀ Ahunṣọ Bonwire

Bí ẹ bá dé Bonwire, ìlú àwọn ahunṣọ kente nítòsí Kumasi, ẹ má wo aṣọ nìkan. Ẹ wo ẹsẹ̀. Okùn tó ń gbé òwú sókè, tó sì ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, wà láàárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ wọn. Ọwọ́ ń ju ọkọ̀ òwú sọ́tùn-ún sósì, ẹsẹ̀ ń fa okùn, ojú sì wà lára aṣọ. (Àwọn ahunṣọ Ìsẹ́yìn, ẹ má bínú, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n ṣe.)

Ta ló wá ń ṣọ́ ẹsẹ̀? Iṣan ìmọ̀lára inú ẹran-ara àti oríkèé ni. Wọ́n ń ròyìn fún ọpọlọ níbi tí ẹsẹ̀ wà, ojú ì báà má wò ó. Ìròyìn ń gba ògóóró ẹ̀yìn gòkè, àṣẹ ń gba ibẹ̀ sọ̀kalẹ̀: apá òsì ọpọlọ ló ń darí ẹsẹ̀ ọ̀tún, apá ọ̀tún ń darí ti òsì. Láti ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn, iṣan tó nípọn jù lára wa gba ìdí àti itan kọjá, ẹ̀ka rẹ̀ sì dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ọ̀rá wé mọ́ ọn bí rọ́bà ṣe wé mọ́ wáyà iná, àṣẹ sì ń sáré nínú rẹ̀ ní nǹkan bí 50 mítà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan.

Ọmọ iṣẹ́ á kọ́kọ́ máa ronú kó tó gbé ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bó bá pẹ́, ọpọlọ kékeré tó wà ní ìpàkọ́ á ti mọ iṣẹ́ náà, á máa tún ìṣísẹ̀ ṣe kí àṣìṣe tó hàn lára aṣọ. Ìyẹn ni ọ̀gá fi lè máa bá oníbàárà dúnàá-dúrà, kí ọkọ̀ òwú má sì dúró.