Ìka Tí A Kò Gbọ́dọ̀ Nà Jù

Bí wọ́n bá gbé ẹni tó já bọ́ lórí ọ̀pẹ, tàbí tí ọkọ̀ gbókìtì mọ́, tí ọrùn rẹ̀ sì fara pa, padà wálé sí ìlú Makutu, àwọn ẹbí kì í jókòó lásán. Wọ́n á fi òrí ra ọwọ́ rẹ̀, wọ́n á máa na àwọn ìka tó ká kò títí wọ́n á fi tẹ́ pẹrẹsẹ, torí ọwọ́ tó ká ni wọ́n rí bí ọwọ́ tó ti kú. Ìfẹ́ ló ń ṣe wọ́n. Àmọ́ níbẹ̀ gan-an ni a ti ń mọ onífisiotẹ́ràpì tó mọṣẹ́: ó mọ ibi tí kò yẹ kóun nà.

Mùdùnmúdùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn ló ń gbé àṣẹ ọpọlọ dé ọwọ́. Bó bá fara pa ní ìpele kẹfà ọrùn, ẹni náà sábà máa ń lè ká ìgúnpá, ó sì lè gbé ọrùn ọwọ́ sókè, ṣùgbọ́n àwọn ìka kò gbọ́ àṣẹ mọ́. Síbẹ̀ iṣan tó ń ká ìka gba inú ọrùn ọwọ́ kọjá kó tó dé orí ìka. Gbé ọrùn ọwọ́ sókè, iṣan á le, ìka á ká fúnra wọn, àtàǹpàkò á fara ti ẹ̀gbẹ́ ìka ìfábẹ̀lá. Jẹ́ kó wálẹ̀, ìka á ṣí. Bí wọ́n bá ti fa iṣan yìí gùn jù, kò sí ohun tí yóò ká ìka mọ́.

Ẹ wá wo ọwọ́ onítọ́jú yìí. Bó bá fẹ́ na ìka, á kọ́kọ́ tẹ ọrùn ọwọ́ wálẹ̀. Bó bá fẹ́ gbé ọrùn ọwọ́ sókè, á kọ́kọ́ ká ìka sínú àtẹ́lẹwọ́. Kì í na méjèèjì pọ̀. Ó ń yí oríkèé kọ̀ọ̀kan kó má baà gan, ó sì ń dá ìwọ̀nba kíkúrú iṣan náà sí. Bí aláìsàn bá ń ti ara rẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì bọ́ sórí kẹ̀kẹ́, onítọ́jú á rí i pé ìka rẹ̀ ká, ẹ̀ṣẹ́ ló fi ń tì í, kì í ṣe àtẹ́lẹwọ́. Sùúrù báyìí wú mi lórí ju iṣẹ́ agbára lọ.

Irú ọwọ́ yìí tún ní ìrànlọ́wọ́ míì. Lọ́dún 1975, Erik Moberg, oníṣẹ́-abẹ ará Sweden, kọ̀wé nípa bó ṣe so iṣan àtàǹpàkò mọ́ eegun apá, kí gbígbé ọrùn ọwọ́ sókè lè mú kó fún nǹkan mọ́ra dáadáa. Ìwádìí kan tó jáde ní 2024 lo ẹ̀rọ tó ń ta iná díẹ̀ sí ọrùn láti orí awọ: nínú àwọn 60 tí ọrùn wọn fara pa tó gbà á, ìpín 72 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní agbára sí i tí wọ́n sì lè lo ọwọ́ sí i. Ìdánrawò ni wọ́n ń ṣe pẹ̀lú rẹ̀. Oríkèé tó ti gan kò lè jẹ èrè irú nǹkan wọ̀nyí.

Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ni ní fisiotẹ́ràpì láti 1966, ṣùgbọ́n Ìbàdàn jìnnà sí Makutu. Nítorí náà, mo ka kíkọ́ ẹbí sí iṣẹ́ tó tóbi jù. Onítọ́jú tó dáa á di ọwọ́ ìyàwó mú lórí ọwọ́ ọkọ: “Ọ̀kún o, ìyá. Ẹ tẹ ọrùn ọwọ́ ná, kẹ́ ẹ tó nà án.” Á ní kó ṣe é lójú òun, á tún un ṣe títí á fi mọ́ ọn lára.

Lẹ́yìn náà ni oúnjẹ. Wọ́n á bu òkèlè iyán kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo. Ọrùn ọwọ́ ọkọ á wálẹ̀, ìka á ṣí, á gbé ọrùn ọwọ́ sókè, ìka á mú òkèlè náà. Ọbẹ̀ gbọ́dọ̀ ti tutù díẹ̀: àtàǹpàkò sábà máa ń mọ̀ pé nǹkan gbóná, ìka kékeré kò mọ̀, ó lè jóná láìjẹ́ pé ẹni tó ni ín fura.