Ta Ni A Ń Kọ́ Ọmọ Láti Bẹ̀rù? Ìtàn Tìmì Ẹdẹ àti Sinimá Àjẹ́

Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, ẹbọ ni yóò máa gbà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ẹ̀rù rí. Ohun tí ó bá ba ènìyàn lẹ́rù ní kékeré kì í tètè kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí wọ́n jẹ́ èwe láàárín ọdún 1980 sí 2000 ni kò tíì gbàgbé sinimá tí ó lé wọn wọ abẹ́ aṣọ ìyá wọn. Àwọn òbí àti olùkọ́ a máa jiyàn bóyá ó yẹ kí ọmọdé wo irú eré bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ó jinlẹ̀ ju èyí lọ: ta ni eré náà ní kí ọmọ bẹ̀rù?

Ìlú Ẹdẹ ni ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìdáhùn, nítorí pé ìtàn ẹ̀rù ni ìtàn tí ó gbé orúkọ ìlú náà dé orí ìtàgé. Nínú ìwé ìtàn Samuel Johnson, tí a tẹ̀ jáde ní 1921, ayé Aláàfin Kòrí ni Ọ̀yọ́ rán Tìmì, ọdẹ ọlọ́fà-iná, lọ sí Ẹdẹ kí ó lè dáàbò bo àwọn tí ń ná ọjà Àpòmù lọ́wọ́ àwọn Ìjẹ̀ṣà. Nígbà tí Dúró Ládípọ̀ gbé Ọba Kòso jáde ní Òṣogbo ní 1963, ayé Ṣàngó ni ó gbé ìtàn náà lọ. Nínú eré yìí, àwọn ará ìlú ń ráhùn nítorí akọni méjì, Tìmì àti Gbọ̀nkáà. Ọba rán Tìmì lọ sí Ẹdẹ. Nígbà tí Tìmì lágbára tán níbẹ̀, ó rán Gbọ̀nkáà lọ mú un bọ̀. Ọfọ̀ ni Gbọ̀nkáà fi ṣẹ́gun rẹ̀. Ọba kò dúró níbẹ̀; ó tún ní kí àwọn méjèèjì jà ní Ọ̀yọ́. Gbọ̀nkáà pa Tìmì, ó sì kọjú sí ọba fúnra rẹ̀.

Ẹ̀rù pọ̀ nínú eré yìí. Iná ń jáde lẹ́nu Ṣàngó, ìlù bàtá ń bú, ọfọ̀ sì ń rọ́ lọ bí òjò. Ṣùgbọ́n kí eré tó parí, ọmọ tí ó ń wò ó yóò ti rí i pé ọba tí gbogbo ènìyàn ń bẹ̀rù gan-an ni ẹ̀rù ń bà jù lọ. Ẹ̀rù Gbọ̀nkáà ni ó mú ọba dẹ pańpẹ́, òun tìkára rẹ̀ ni pańpẹ́ náà sì mú. Agbára ni eré yìí ní kí ọmọ bẹ̀rù, àti ohun tí agbára lè sọ ẹni tí ó ní in dà. Fíìmù Ṣàngó tí Ọbáfẹ́mi Láṣọdé gbé jáde ní 1997, nínú èyí tí Wálé Adébáyọ̀ ṣe Ṣàngó, kò kúrò lójú ọ̀nà yìí: ọba ni ó ń dẹ́rù bani, ọba náà ni ó sì jìyà.

Irú ẹ̀rù yìí kò ṣàjèjì sí ọmọ Ẹdẹ. Ọdún òrìṣà pọ̀ ní ìlú náà tó bẹ́ẹ̀ tí Ulli Beier fi kọ odidi ìwé kan lé wọn lórí, tí a tẹ̀ ní 1959. Tìmì Adétóyèṣe Láoyè, tí ó jọba láti 1946 títí di 1975, mọ ìlù lù, ó sì kọ̀wé lórí ìlù Yorùbá. Ní irú ìlú bẹ́ẹ̀, ẹ̀rù ní ìlànà. Ìlù ni yóò kọ́kọ́ kéde pé egúngún ń bọ̀; àgbà yóò fi ibi tí ọmọ yóò dúró sí hàn án; bí egúngún bá kọjá tán, ẹ̀rín ni yóò kù. Bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, a ó fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra.

Ní 1979 ni Hubert Ògúndé gbé Ayé jáde, tí Ọlá Balógun darí. Jáyésinmi tẹ̀ lé e ní 1980. Ògúndé fúnra rẹ̀ ni ó ṣe Ọ̀ṣẹ́tùúrá, babaláwo tí ó ń bá àwọn àjẹ́ jà. A kò gbọdọ̀ fojú kékeré wo iṣẹ́ ọnà inú wọn: orin wọn dùn, ọfọ̀ wọn dá ṣáká, ire sì borí ibi. Láàárín èrò ni a ti ń wò wọ́n. Bí ẹ̀rù bá ba ọmọ, ariwo èrò yóò gbé e ró. Lẹ́yìn èyí ni Arélù ti Jímọ̀ Àlíù dé sórí amóhùnmáwòrán ní àwọn ọdún 1980. Fádèyí Olóró, tí Òjó Arówóṣáfẹ́ ṣe, kó jìnnìjìnnì bá tọmọdé tàgbà, síbẹ̀ ohùn rẹ̀ ni àwọn ọmọ ń sín jẹ lójú àgbàlá ní ọjọ́ kejì. Ẹ̀rù tí ọmọ lè fi ṣeré ti bẹ̀rẹ̀ sí í tán nínú rẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ọkùnrin alágbára ni Fádèyí. Obìnrin alágbára, Òrìṣàbùnmi, tí Fọlákẹ́ Àrẹ̀mú ṣe, sì wà nínú eré kan náà.

Ìgbà tí fídíò gbòde ni nǹkan yí padà. Kótó Ayé ti Yẹkínì Àjíléye àti àwọn mìíràn tí ó jọ ọ́ gbé ẹgbẹ́ àjẹ́ wọ inú yàrá. Margaret Bándélé Ọláyínká, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Ìyá Gbọnkán, di ẹni tí ojú rẹ̀ nìkan tó láti lé ọmọ kúrò nídìí tẹlifíṣọ̀n. Ọgbọ́n eré ṣíṣe ni èyí, ó sì yẹ kí a yìn ín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó kù sí ọmọ lọ́kàn. Arúgbó obìnrin ni ó ń bà á lẹ́rù nínú sinimá; ìyá àgbà rẹ̀ sì nìyí, tí ó jókòó tì í lórí ìjókòó kan náà.

Àwọn tí ń gbèjà àwọn eré wọ̀nyí yóò sọ pé kì í ṣe sinimá ni ó dá àjẹ́ sílẹ̀. Ṣebí àwọn àgbà ni wọ́n ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nínú òwe, àfiwé ni ọ̀rọ̀ náà. Nínú sinimá, ó di ẹ̀rí tí a fi ojú rí. Bẹ́ẹ̀ ni àṣà Yorùbá kò fi ìbẹ̀rù nìkan lọ àwọn ìyá. Ní Kétu àti ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni a ń jó láti fi yẹ́ agbára wọn sí, láti fi tù wọ́n lójú. Ní 2001 ni UNESCO ka ijó náà mọ́ ogún àjọni gbogbo ayé. Ìbẹ̀rù àti ọ̀wọ̀ jọ ń rìn níbẹ̀ ni. Sinimá àjẹ́ mú ìbẹ̀rù, ó fi ọ̀wọ̀ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti inú ìwé nìkan. Àrùn ìgbàgbé a máa mú kí arúgbó rìn kiri lóru, kí ó máa dá sọ̀rọ̀, kí ó má mọ ọmọ rẹ̀ mọ́. Gbogbo èyí ni sinimá ti fi kọ́ni pé àmì àjẹ́ ni. A sì ti gbọ́ ọ, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, pé wọ́n lu arúgbó tàbí wọ́n lé e kúrò nílé nítorí irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí ó sá fún ìyá àgbà lánàá lè di ẹni tí yóò nawọ́ sí i lọ́la.

Kì í ṣe pé kí a má ṣe dẹ́rù ba ọmọ mọ́ ni èyí ń sọ. Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ tí Túndé Kèlání gbé jáde ní 1993 bani lẹ́rù púpọ̀: àwọn tí ó ta ilẹ̀ tí kò tọ́ kí wọ́n tà ni ikú ń dá lóró, ìdààmú olóyè Ọ̀tún, tí Kareem Adépọ̀jù ṣe, sì kún fún ẹ̀rín àti ẹ̀kọ́. Ọmọ bẹ̀rù, ó sì mọ ìdí. Olójúkòkòrò ni ó wà nínú ewu níbẹ̀, kì í ṣe ẹni tí kò lágbára.

Ọdún 1993 náà ni òfin dá ìgbìmọ̀ tí ń yẹ fíìmù wò sílẹ̀ ní Nàìjíríà, láti máa sọ iye ọdún tí ènìyàn gbọ́dọ̀ pé kí ó tó wo fíìmù kan. Èyí dára, ṣùgbọ́n àmì ara páálí fídíò kò lè wọlé bá ọmọ jókòó. Olùkọ́ àti òbí ni ó lè ṣe èyí. Kí wọ́n bi ọmọ léèrè: ta ni ó lágbára nínú eré yìí? Kí ni ó fi agbára náà ṣe? Ǹjẹ́ ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn rí àyè fọhùn? Bí a bá bi wọ́n léèrè bẹ́ẹ̀ nípa Tìmì àti Ṣàngó, ìdáhùn kò ní ṣòro. Eré tí kò bá lè dáhùn ìbéèrè mẹ́ta yìí, ariwo lásán ni ẹ̀rù rẹ̀, ẹni tí kò ṣẹ̀ ni yóò sì san gbèsè rẹ̀.