Ọwọ́ Tó Di Ìbò Mú

Ẹni tó bá fẹ́ mọ babaláwo tó mọṣẹ́, kó má tíì fetí sí ẹsẹ Ifá tó ń kì. Kó kọ́kọ́ wo bó ṣe ń bi ìbò léèrè. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí á dun àwọn kan. Láti ìgbà tí ìwé Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá ti gbé ẹsẹ Ifá wọ yunifásítì, títí dé ọdún 2005 tí UNESCO bu ọlá fún Ifá, ẹsẹ ni aráyé fi ń wọn ìmọ̀ wa. Ẹsẹ dùn, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹsẹ tó wà nínú odù kan ṣoṣo pọ̀ ju ohun tí ẹnì kan lè kì tán lọ: òmíràn ń sọ̀rọ̀ ọmọ, òmíràn ń sọ̀rọ̀ ọ̀tá. Èwo ni ti ẹni tó jókòó sórí ẹní yìí?

Ìbò ló máa sọ ọ́. Owó ẹyọ tí a so pọ̀ ni bẹ́ẹ̀ ni, eegun ni bẹ́ẹ̀ kọ́. Oníbèèrè á pa wọ́n mọ́ sọ́wọ́, babaláwo kò ní mọ èyí tó wà lọ́tùn-ún tàbí lósì. Á da ọ̀pẹ̀lẹ̀, ẹ̀wọ̀n tí a fi ń dá Ifá, lẹ́ẹ̀mejì, odù tó bá dàgbà jù ni yóò tọ́ka ọwọ́ tí a ó ṣí. Ọmọ awo gbogbo ló mọ ìyẹn. Ohun tó ń gba ọ̀pọ̀ ọdún ni bí a ṣe ń to ìbéèrè. Ire ni tàbí ibi? Bó bá jẹ́ ire, àìkú la ó kọ́kọ́ bi, kí ó tó kan owó, aya, ọmọ àti ìṣẹ́gun. Bó bá jẹ́ ibi, ikú ló ṣáájú àrùn, ìjà, àìní àti òfò. Níbi tí ìbò bá ti gbà la ó dúró sí. Nítorí náà, awo tó bá fi owó ṣáájú àìkú ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀mí kí ó tó bi í. Ebi tó ń pa á ló ń béèrè yẹn, kì í ṣe Ifá. Ìbéèrè tó dáa, bí ìbò gbà, bí ó kọ̀, ọ̀nà ṣí. “Ṣé ayé rẹ̀ á dára?” kì í ṣe ìbéèrè, “Ṣé kó rin ìrìnàjò yìí lóṣù yìí?” ni ìbéèrè. Bí mo bá dé ibí yìí, àwọn àgbà tó máa ń dákẹ́ pẹ́ kí wọ́n tó la ẹnu bi ìbò ni mo máa ń rántí. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn gan-an ni iṣẹ́.

Ẹnìkan á ní kí ni ìyàtọ̀ èyí sí kéèyàn ju kọ́bọ̀ sókè. N kò ní bá a jà lórí bí ọ̀pẹ̀lẹ̀ ṣe ń bọ́ sílẹ̀. Odù 256 ló wà níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè yan èyí tó máa yọ. Ṣùgbọ́n kọ́bọ̀ kì í to ìbéèrè. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ahọ́n babaláwo ni ìbò ń dè. Onímọ̀ William Bascom ti kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ lórí Ifá ti ọdún 1969 pé oníbèèrè kò ní láti sọ ohun tó ń dùn ún fún awo. Bí a bá yọ ìbò kúrò, awo tó gbọ́n á wo bàtà àti ojú oníbèèrè, á fi ẹsẹ tó bá a mu sí i lẹ́nu. Ní Kúbà, ọ̀pọ̀ ẹsẹ ti di ìtàn ní èdè Spanish, síbẹ̀ ìbò ṣì ń jẹ́ ìbò, ọwọ́ oníbèèrè náà ló ṣì wà. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ mọ ohun tí kò gbọdọ̀ sọnù.

Ní báyìí fóònù ń dá Ifá. O tẹ ojú rẹ̀, odù yọ, ìtumọ̀ tẹ̀lé e bí ìròyìn ojú ọjọ́. Wọ́n ní ó yá, ó sì dínwó. Ọwọ́ ta ni ìbò wá wà? Mo tún ń bínú sí awo tó jẹ́ pé odù kò tíì yọ tán tó ti ń ka iye ewúrẹ́, nítorí òun mọ̀ pé ìbò lè ní adìẹ kan tó. Lójú àwọn àgbà, odù ti dàgbà ju ara wọn lọ, ọ̀pẹ̀lẹ̀ ti wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n títí oníbèèrè á fi la àtẹ́lẹwọ́, awo kò mọ̀ ju ẹni tó ń kọjá lójúde lọ.