Ọkọ̀ Ẹni Méjì, Ìwé Ẹnì Kan

Nínú ìtàn ìrìnàjò, ẹni tí ó di kálámù mú ni ó ń pinnu ẹni tí òǹkàwé yóò rí nínú ọkọ̀. Ó yẹ kí a fi èyí sọ́kàn bí a bá ń ka ìtàn míṣọ́nnárì Alfred Saker àti aya rẹ̀, Helen, ní etíkun Kamẹrúùnù.

Ní 1844 ni tọkọtaya yìí gúnlẹ̀ sí Clarence, ìlú tí à ń pè ní Malabo lónìí, ní erékùṣù Fernando Po. Ní 1845, iṣẹ́ wọn sọdá òkun dé Douala, létí odò Wouri. Nígbà tí àwọn ará Sípéènì fòfin de ìsìn Pùròtẹ́sítáǹtì ní erékùṣù náà ní 1858, Saker tẹ Victoria dó nítòsí Bimbia. Limbe ni ìlú náà ń jẹ́ láti 1982. Douala ni Saker ti túmọ̀ Bíbélì sí èdè Duala, tí ó parí rẹ̀ ní 1872.

Ṣùgbọ́n ẹ wo àkọlé àwọn ìwé. Èyí tí E. B. Underhill kọ ní 1884, orúkọ ọkọ nìkan ni ó gbé síwájú. Nígbà tí ọmọbìnrin wọn náà kọ tirẹ̀ ní 1908, orúkọ bàbá ni ó fi ṣe àkọlé. Àwọn kan lè sọ pé bí àṣà ìgbà náà ti rí nìyẹn. A kò jiyàn. Síbẹ̀ àṣà náà kò di gbogbo ọ̀nà. Ní 1872 ni a ti tẹ Seventeen Years in the Yoruba Country, tí a ṣà jọ láti inú lẹ́tà àti ìwé àkọsílẹ̀ Anna Hinderer, aya míṣọ́nnárì ní Ìbàdàn. Níbẹ̀, ojú aya ni a fi ń wo ogun Ìjàyè, ebi, àìsàn àti àwọn ọmọ tí ó ń tọ́. Ìwé akọni a máa ka ìlú tí a dé. Ìwé Anna ń sọ ohun tí ó ná ènìyàn láti gbé ibẹ̀.

Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin kan wà ní Limbe, Saker Baptist College, tí a dá sílẹ̀ ní 1962. Orúkọ tọkọtaya ni Saker. Bí àwa olùkọ́ bá ń kọ́ni ní ìtàn náà, ẹ jẹ́ kí a bi ìwé léèrè ẹnì kejì inú ọkọ̀. Àjèjé ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí.