Fọ́tò Odò Ọya Nígbà Ọyẹ́

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, òkun o! Ìkíni yìí ló sọ wá ní Òkun ní ìlú Kàbà. A kò gbé etí òkun rárá. Odò Ọya ni omi ńlá tiwa, ní Lọ́kọ́já níbi tí Bẹ́núè ti dà pọ̀ mọ́ ọn. Orí òkè Patti ni àwọn onífọ́tò fẹ́ràn láti dúró. Wọ́n gbìyànjú: a rí bí omi méjèèjì ti fẹ̀ tó. Ṣùgbọ́n bí ọyẹ́ bá dé, eruku a bo odò. Ìgbì a di ìlà lásán, lékeléke a di ẹ̀kán funfun, bí ojú bá tilẹ̀ tó o. Ìgbà yẹn gan-an ni omi ń fà, tí iyanrìn ń yọ, tí ẹyẹ ń rìn lórí rẹ̀! Onífọ́tò tó bá sọ̀ kalẹ̀, tó lóṣòó sétí omi ní kùtùkùtù, fọ́tò tirẹ̀ ni n ó gbé kọ́ ara ògiri.