Ìlù Ìṣẹ́yìn àti Gìtá Aṣá

Onídùndún ìlú Ìṣẹ́yìn kì í la ẹnu rẹ̀ kí ó tó ki ènìyàn. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ni ó fi ń bá etí wa sọ̀rọ̀. Bí ó bá ṣi ọ̀kan lù nínú wọn, igbá lè di igba mọ́ wa lọ́wọ́. Òṣùwọ̀n yìí ni mo fẹ́ fi wọn orin gìtá tí àwọn ọ̀dọ́ Òkè-Ògùn fẹ́ràn, èyí tí a ń kọ ní èdè méjì.

Bùkọ́lá Elemide, tí a mọ̀ sí Aṣá, ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ gbé yẹ̀ wò. A bí i ní ìlú Paris ní 1982, ṣùgbọ́n Èkó ni ó ti dàgbà, níbi tí ó ti ń gbọ́ Marvin Gaye, Bob Marley, Fẹlá àti Sunny Adé nínú àwo orin baba rẹ̀. Àwo tirẹ̀ àkọ́kọ́, tí Cobhams Asuquo bá a ṣe, jáde ní 2007, ó sì gba ẹ̀bùn Prix Constantin ní ilẹ̀ Faransé ní 2008. Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ “Jailer”; Yorùbá ni ó fi kọ “Ẹyẹ Àdàbà”.

Gìtá kan náà lè gbé èdè méjèèjì. Ohùn orin kan náà kò lè gbé wọn. Akọrin Gẹ̀ẹ́sì lè gbé ọ̀rọ̀ sókè tàbí kí ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ bí ó ti wù ú, ìtumọ̀ rẹ̀ kò ní yẹ̀. Yorùbá ti ní orin tirẹ̀ nínú kí gìtá tó dé. Ọ̀ràn yìí ni Ẹkúndayọ̀ Phillips, tí ó tẹ dùùrù fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Kàtídírà ní Èkó, gbé yẹ̀ wò nínú ìwé rẹ̀ ti 1953 lórí orin Yorùbá. Àwọn orin ìsìn tí a tú sórí ohùn Gẹ̀ẹ́sì jìyà rẹ̀ púpọ̀. A kọ wọ́n títí wọ́n fi mọ́ wa lára, ṣùgbọ́n onílù kò lè lù wọ́n kí àlejò mọ ohun tí a wí. Inú ọ̀fìn kan náà ni akẹ́kọ̀ọ́ ń já sí nígbà tí ó bá kọ ẹsẹ kìn-ín-ní ní Gẹ̀ẹ́sì, tí ó sì ki ẹsẹ Yorùbá bọ inú ohùn rẹ̀.

“Ẹyẹ Àdàbà” bọ́ nínú ewu náà. Ohùn àárín méjì ni ẹyẹ, ohùn ìsàlẹ̀ mẹ́ta ni àdàbà. Ní etí tèmi, orin náà kò bá wọn jà. Ó ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni tí ó ń gbàdúrà ní òwúrọ̀. (Ó sì pa mí lẹ́rìn-ín pé aṣá ni ó ń ránṣẹ́ pe àdàbà, nínú oko wa, àdàbà kì í jẹ́ irú ìpè bẹ́ẹ̀.)

“Jailer” ní ọgbọ́n: ó fi yé wa pé ẹni tí ó ti ènìyàn mọ́lé, òun náà wà nínú ìdè. Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ní ilẹ̀ òkèèrè lè hun irú ohùn rẹ̀. Ohùn “Ẹyẹ Àdàbà”, etí Yorùbá nìkan ni ó lè hun ún.